Fọ́tò Tí Wọ́n Ní Kẹ́ Ẹ Má Rẹ́rìn-ín

Nánáy mi, ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, mo sì ń jẹun. Ẹja gbígbẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Manila ṣì kù díẹ̀. Ẹ̀kọ́ másítà mi lórí bí wọ́n ṣe ń darí àjọ aláàánú náà ń lọ dáadáa.

Lánàá, olùkọ́ wa, Dókítà Salonga, fi ẹ̀rọ tan fọ́tò kan sára ògiri, pé ká wá wo bí àjọ ṣe ń fi àwòrán bẹ àwọn olówó. Obìnrin kan ló gbé ìkòkò dání níwájú ilé tí ìjì ti ṣí lórùlé. Jerome tó jókòó tì mí ní, "Ìyá yìí mà ṣojú àánú o. Òkúta pàápàá á tọwọ́ bàpò." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé mi.

Nánáy, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn àjọ tó kó páànù wá lẹ́yìn ìjì ya yín ní fọ́tò? Inú yín ń dùn pé ẹ rí ìkòkò yín yọ nínú ẹrẹ̀, ni wọ́n bá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín." Ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé kankan? Mo kàn ń béèrè ni.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi ni màá dúró níwájú kíláàsì ṣàlàyé ìdí tí fọ́tò náà fi dára. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ ìkòkò yẹn.

Ẹ bá mi kí Tíyá Pasing, ẹ ní mi ò rù. Kí ọjọ́ Ajé tó pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, kí àlàfo eyín yín hàn.

Ọmọ yín,
Rowena