Àlékún Ojú Nínú Ẹ̀wù Òtútù Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà, awakọ̀ wa tí kì í rí oorun sùn? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà òtútù. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn nígbà tí àgbẹ̀ bá ti sùn ni yóò máa ṣọ́ yín. Iṣẹ́ yín kò ní di ìyà, ilẹ̀kùn yín kò ní sé mọ́ ire. Ohun tí ìyá rẹ sì ń tọrọ láràárọ̀ kí n tó dìde lórí ibùsùn, Ọlọ́run yóò fi fún un. Èmi kò mọ ohun tó ń tọrọ, nítorí ó máa ń rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣe àmín sí i kí ó má baà dà bíi pé èmi ni mo dá a dúró.

Aránṣọ tí a jọ pín ògiri ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti bá a ṣe àdéhùn pé bí mo bá ṣe wí i ni kí ó kọ ọ́, kò gbọdọ̀ máa gé ọ̀rọ̀ mi kúrú bí ẹni tó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ó gbà. Nítorí náà, bí o bá rí ibi tí mo ti dà bí ẹni tí kò gbọ́n nínú lẹ́tà yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹnu mi. Ó ní òun kò ní kọ ìyẹn. Mo ní kí ó kọ ọ́.

Ilé dára. Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò ti ṣíwọ́ jíjò láti ìgbà tí òjò ti ṣíwọ́ rírọ̀, nítorí náà mi ò pe ẹnikẹ́ni wá tún un ṣe mọ́. Ewúrẹ́ wa aláàmì funfun lójú ti lóyún. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí ìyá rẹ tó mọ̀, kí ewúrẹ́ náà pàápàá tó mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún mi nínú ilé yìí. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ ń san. O ti gbọ́ bó ṣe yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga tí eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan funfun kan dì í tó le gan-an bí ògiri. Mo kàn án wò, ó dún kókó. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé bí wọ́n bá tú u, kí wọ́n má dà á nù, a lè fi ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Ó ní òun yóò rò ó wò.

Ìṣubú yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀wù òtútù rẹ dé ọwọ́ mi. Ìyá rẹ ti ṣèlérí pé òun yóò hun ún fún ọ, nígbà tí o sọ pé kóòtù tí wọ́n fún yín níbi iṣẹ́ kò ká òtútù yàrá yìnyín tí ẹ ti ń to ẹja. Ó ti gbọ́ ikọ́ rẹ lórí fóònù, láti ọjọ́ náà ni kò ti fọkàn balẹ̀. Òwú wà nílé, abẹ́rẹ́ gígùn méjèèjì wà nílé, ọwọ́ tí yóò hun ún ni kò sí. Mo ní èmi yóò hun ún. Òun àti aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo bi wọ́n pé ta ló hun gbogbo apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń kó àgbàdo wálé, ṣé ẹyẹ ni? Nígbà tí òjò kò jẹ́ kí n lọ sóko, ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń fi ẹnu kọ́ mi, èmi ń fi ọwọ́ kọ́ ọ, títí ó fi mọ́ mi lára.

Ìlànà bí a ṣe ń hun ẹ̀wù tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ bá jà. Ẹ̀wù tó wà nínú fọ́tò yẹn kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo ní kí ìyá rẹ pè ọ́ kí ó sọ fún ọ pé ọmọ adìẹ ni yóò wọ èyí. Ìyá rẹ fi ìka méjì ya fọ́tò náà, ó sì fẹ̀ sí i. Mo ní ẹ ò rí i, ẹ̀wù tí a kò tíì hun ti ń fà.

Ìjà kejì ni ti òwú. Òwú tí ìlànà náà ń sọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí àgbàdo. Èyí tí a rí lọ́jà nípọn bí okùn ewúrẹ́, ẹni tó ń tà á sì ní bí a kò bá fẹ́ ẹ, kí a lọ gbin tiwa. Aránṣọ sọ pé bí òwú bá ti yàtọ̀, iye ojú, ìyẹn ìkọ́ òwú tí a óò dá sórí abẹ́rẹ́, gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ hun ègé kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, kí n fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí n wá ka iye ojú tó wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni a óò ti mọ iye tí gbogbo ẹ̀wù yóò gbà. Mo bi í pé ṣé ó ti rí àgbẹ̀ tó gbin oko tó tó ẹní, tó dúró kórè rẹ̀, kí ó tó lọ gbin oko gidi. Mo ní ẹni tó kọ ìlànà náà mọ ohun tó ń ṣe, iye ojú tó bá kọ ni èmi yóò dá.

Mo sì fi àlékún sí i. Èyí gan-an ni wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Bàbá mi ló kọ́ mi pé hóró mẹ́ta ni à ń sọ sínú ihò kan, nítorí ẹyẹ yóò jẹ ọ̀kan, ọ̀kan yóò jẹrà, ọ̀kan yóò hù. Mo rò ó pé ojú òwú náà kò lè yè tán, pé nínú ìwọ̀nyí tí mo dá, díẹ̀ yóò kú lójú ọ̀nà, ni mo bá dá àlékún sí i bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi, ojú òwú kì í kú. Gbogbo wọn ló hù.

Nígbà tí mo hun ẹ̀yìn ẹ̀wù náà tán, a tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, a kò rí ibùsùn mọ́. Aránṣọ rìn yí i ká, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ bóyá erin ni wọ́n gbà síṣẹ́ níbi tí ẹ ti ń to ẹja. Mo ní yóò sún kì bí a bá fọ̀ ọ́. A fọ̀ ọ́. Omi wọ inú rẹ̀, ó tún fà sí i. Nígbà tí mo sá a sórí okùn, etí rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, adìẹ kan wọ abẹ́ rẹ̀ lọ yé ẹyin, ẹni kan tó ń kọjá lọ sì kí wa pé a kú àlejò, ó rò pé àgọ́ ni a pa.

Síbẹ̀ mi ò gbà. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé. Aránṣọ bá mi níbẹ̀, kò mẹ́nu kan òwú rárá. Ó kàn béèrè bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà pé, lórí ebè kan náà tí àgbàdo mẹ́fà ti ń dúró, elégédé mélòó ló lè jókòó síbẹ̀? Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, ṣé bí àgbàdo ni elégédé ṣe rí ni, mẹ́rin péré ni, bí o bá fi mẹ́fà há a, wọn yóò máa ti ara wọn jáde lóko. Ó ní ẹ ṣé o, bàbá. Ó dìde, ó wọlé lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí ìyá rẹ fi pè mí wá jẹun, nítorí ẹnu ara mi ni mo fi dá ara mi lẹ́bi.

Ni mo bá tú gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ ń fi ọwọ́ òsì ká òwú náà, ó sì ń kọrin kí n lè gbọ́. Ègé mẹ́ta ni mo hun, nítorí ọwọ́ mi máa ń le nígbà tí inú bá ń bí mi, ojú òwú á há gádígádí, bí mo bá sì yó, ọwọ́ mi á dẹ̀. A wá fẹnu kò pé lẹ́yìn oúnjẹ nìkan ni kí n máa hun. A fọ ègé kẹta, ó gbẹ, a wọ̀n ọ́n: níbi tí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń gba ojú mẹ́fà, okùn ewúrẹ́ tiwa ń gba mẹ́rin. Mo da àgbàdo sórí ẹní, mo kó iye ojú tí ìlànà sọ jọ ní mẹ́fà mẹ́fà, mo yọ méjì méjì kúrò nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan, èyí tó kù ni mo dá. Aránṣọ ní ti gígùn ńkọ́, kí n má tẹ̀lé iye ìlà tí ìlànà kọ, kí n máa fi téèpù wọ̀n ọ́n títí yóò fi dé abíyá. Ìyẹn náà, mo gbà á. Ẹ̀yìn tuntun ti parí, kò sì sí adìẹ tó lè yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀.

Mo wá kan ìdí tí mo fi ní kí a kọ ìwé yìí. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, kí ẹni tó ta téèpù fún ọ má baà gbọ́. Téèpù rẹ kò dára. Ìwọ̀n tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iwájú ẹ̀wù. O pe ìyá rẹ pé kí n fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ níbi ikùn. Mo tú u, mo tún un dá. O tún pè pé kí n fẹ̀ ẹ́ sí i. Èjìká rẹ kò yí padà, apá rẹ kò yí padà, ibi ikùn nìkan ni téèpù náà ti ń sọ ìsọkúsọ. Mo ti rí téèpù tó fà rí, ṣùgbọ́n mi ò rí èyí tó ń fà lójú kan ṣoṣo. Jẹ́ kí ọkọ rẹ mú ọ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, kí ó fi téèpù onírin wọ̀n ọ́, irin kì í fà. Bí kò bá sì ṣe téèpù, a jẹ́ pé ẹja tí ẹ ń tò ni o ń jẹ. Sọ òtítọ́ fún bàbá rẹ kí wọ́n má baà lé ọ níṣẹ́.

Mo tún dé o. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ ẹja yẹn tán ni aránṣọ gbé báírò sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ mu omi. Kò mu omi kankan. Ó ń wo ìyá rẹ, ìyá rẹ ń wo nǹkan funfun ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kí ló dé? Ìyá rẹ wá sọ pé, “Bàbá wọn, téèpù ọmọ yín kò ní àléébù kankan. Ọmọ yín ti di abara méjì.”

Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti mọ̀. Ó ní ìwọ lo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀ ná, àti pé ẹnu mi kò ní ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ bínú. Mo wá ìbínú náà títí, mi ò rí i. Mo jáde lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́, mo dúró níbẹ̀ díẹ̀, eruku ibẹ̀ pọ̀ lónìí, ó kó sí mi lójú. Ewúrẹ́ yẹn nìkan ni mo sọ fún. Nígbà tí mo padà wọlé, mo ní kí aránṣọ pa ibi tí mo ti ní kò sí ẹni tó lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún mi rẹ́. Ó ní rárá, ṣebí bí mo bá ṣe wí i ni kí òun kọ ọ́.

Gbọ́ nísinsìnyí. Sọ fún ọ̀gá yín kí ó gbé ọ kúrò nínú yàrá yìnyín, kí ó fi ọ́ síbi tí wọ́n ti ń ka ẹja, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń tò ó. Bí kò bá gbọ́, fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, èmi yóò bá a sọ̀rọ̀ kí n tó jẹun. Iwájú ẹ̀wù rẹ, mo ti ní ká là á sí méjì kí ó máa gba bọ́tìnnì, kí ó lè máa fàyè gbà ọ́ bí o bá ṣe ń pọ̀ sí i. Fi owó bọ́tìnnì ránṣẹ́, kí o sì ra káàdì sórí fóònù ìyá rẹ, nítorí ìkíni rẹ̀ gùn, kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀, káàdì á ti tán. Fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun àgbàdo yẹn náà ránṣẹ́ láti ìlú ńlá, èyí tó rọ̀ jù lọ. Tiwa yóò ha ẹni tuntun lára.

Ọlọ́run yóò sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Mo ti wá mọ ohun tí mo ti ń ṣe àmín sí láràárọ̀, èmi gan-an ni yóò sì máa pariwo rẹ̀ báyìí.

Èmi ni, bàbá rẹ tó ń hun lẹ́yìn oúnjẹ.

Ó ku ọ̀kan. Bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ náà bá dé, èmi fúnra mi ni yóò kọ́kọ́ hun ègé kékeré, n óò fọ̀ ọ́, yóò gbẹ, n óò ka ojú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń dá ojú ẹ̀wù ọmọ náà, n óò fi àlékún sí i, nítorí ẹni tí ń dàgbà ni mo ń hun ún fún. Mo wo aránṣọ bí mo ti ń sọ èyí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe wí i.