Eyín Tó Gbé Mi Kọjá Ẹnubodè

                                        Ojúlé 1482, Òpópónà Los Tamarugos,
                                        Arica,
                                        Chile.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Ògún, 2023.

Leidis, ọ̀rẹ́ mi àtọmọdé,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lọ sí ilé-ìwé tuntun yẹn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé òkun Tumaco ìlú wa ń gbè é, ṣé ẹja ń wọ àwọ̀n? Bá mi kí ìyá mi, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Tí o bá kà á tán, ìwọ fúnra rẹ á mọ ìdí rẹ̀. Ara mi ti ń yá báyìí. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já, torí pé tèmi ṣì ń já títí di òní.

Ó ti tó oṣù méjì tí eyín kan ti ń yọ mí lẹ́nu, eyín ẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀, lápá òsì. Mo fi kànáfùrù há a, mo fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mo sì ń lọ sí oko tòmátì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àfonífojì, torí ẹni tí kò bá wá lóòjọ́ kò ní owó lóòjọ́. Láàárọ̀ Sátidé kan ni mo jí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ẹni tó fi ọsàn há ẹnu. Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, wíwú náà ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, ẹnu mi kò sì là ju ìka kan lọ.

O mọ ẹni tí mo rántí. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá. Àǹtí Ercilia náà ní eyín lásán ni, wọ́n so gèlè mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n gbé aṣọ oníbàárà lọ fọ̀ lódò, wọ́n ní àwọn ènìyàn ń retí aṣọ wọn. Ní ọjọ́ kẹta wọn kò lè gbé itọ́ mì mọ́. Ìró tí ọ̀fun wọn ń dún kí ó tó dákẹ́, mo gbọ́ ọ nínú iyàrá mi ní Arica níbí, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín tó wà nítòsí ọjà. Ó wò mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kọ iye tó máa gbà sórí ìwé pélébé kan. Owó iṣẹ́ mi oṣù kan àti ààbọ̀ ni. Mo dúpẹ́, mo dìde. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kì í gba owó. Akọ̀wé ojú fèrèsé wo káàdì ìgbélùú mi, ó ní ó ti kú, kí n lọ mú tuntun wá. Mo fi ìwé tí wọ́n fún mi hàn án, èyí tó sọ pé tuntun náà ń bọ̀ lọ́nà. Ó ní ẹ̀rọ òun kò mọ ìwé yẹn. Mo fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò là tó.

Gbogbo Arica ló ń lọ tún eyín ṣe ní Tacna, o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Wákàtí kan péré ni nínú ọkọ̀. Èèyàn á gba ẹnubodè méjì kọjá, ti Chile àti ti Peru, á sì dé ibi tí dókítà eyín ti pọ̀ ju ilé búrẹ́dì lọ, tí owó wọn kò sì tó ìdá kan nínú márùn-ún ti ibí. Leidis, kì í ṣe lílọ ló ń bà mí lẹ́rù. Bíbọ̀ ni. Àwọn kan ní ìwé ọwọ́ mi tó jáde, kò tó wọlé. Àwọn kan ní ó tó fún méjèèjì. Wilmer, ará Venezuela tó ń mọ ilé ní àdúgbò wa, kàn lọ ra awò ojú ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lódì kejì kó tó rí ọ̀nà padà. Wilmer kò lọ́mọ. Èmi ní Dayana, ọmọ ọdún méje tí kò ní ẹbí mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ yìí àfi èmi.

Màmá Graciela ló parí ọ̀rọ̀ náà, opó tó ni ilé tí mò ń gbé. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ojú mi sókè bí ẹni tó ń yẹ ìbẹ́pẹ wò. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọbìnrin yìí, òkú kì í tọ́ ọmọ. Ẹni tó há sí Tacna ṣì lè fóònù. Gbé Dayana fún mi, kí o máa lọ!”

Láàárọ̀ Túsìdeè ni mo wọ ọkọ̀. A jẹ́ márùn-ún pẹ̀lú awakọ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Hernán ló jókòó tì mí, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń lọ gba eyín àtọwọ́dá tuntun. Kí a tó kúrò ní ìlú ló ti yọ ti àtijọ́ kúrò lẹ́nu, ó wé e sínú áńkáṣífì. “Èmi àtàwọn wọ̀nyí ti kọ ara wa sílẹ̀,” ló wí. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ní ẹnubodè Chile, aṣọ́bodè kan tó ti ń hu ewú gba ìwé mi, ó kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀, ó wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó tẹ ohùn mọ́lẹ̀. “Ìyá, ẹ gbìyànjú kí ẹ padà lónìí. Èmi ni mo máa wà níbí títí di aago mẹ́jọ. Mo mọ bí èmi ṣe ka ìwé yìí. N kò mọ bí ẹni ọ̀la ṣe máa kà á.” Ó lu òǹtẹ̀. Mo gbọ́ òǹtẹ̀ náà bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Tacna ni àwọn apèrò bo wá: “Eyín! Eyín! Awò ojú!” Obìnrin kan gbá mi lápá mú, ó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ni, kò ní pẹ́, kò sì wọ́n. Mo tẹ̀ lé e. Ojora kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ro àròjinlẹ̀. Nínú yàrá náà, ọkùnrin kan ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, ó sì ń fi ọwọ́ kejì nu ẹ̀mú mọ́ ara ṣòkòtò. Omi inú bàsíà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti pọ́n. “Jókòó, ìyá, ìṣẹ́jú méjì ni,” ló wí, búrẹ́dì lẹ́nu. N kò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Mo fara ti ògiri nísàlẹ̀.

Bàbá Hernán ló bá mi níbẹ̀. Wọ́n ní, “Mo rí i tí wọ́n fà ọ́ gòkè. Ọmọ mi, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í fa èèyàn lápá. Máa bọ̀.” Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tiwọn, obìnrin bí ẹni àádọ́ta ọdún, Maritza Quispe lorúkọ rẹ̀. Ó fọ ọwọ́ lójú mi, ó tú irinṣẹ́ kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, ó wá fi ìka tẹ abẹ́ àgbọ̀n mi díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ń dùn mí tí mo bá gbé itọ́ mì. Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún tẹ ibì kan náà. 

Ó ní, “Ṣé o mọ ibi tí mo fọwọ́ kàn yìí? Tó bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eyín mọ́, ọ̀rọ̀ èémí ni.”

Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó dúró, ó tún gún mi. Nígbà tó la ibi tó wú náà, òórùn ọyún tó jáde kún yàrá, ojú tì mí, mo ń sunkún, ó ní kí n má tijú, ó ní ìyẹn gan-an lòun fẹ́ rí. Lẹ́yìn náà ló fa eyín. Kò dùn mí púpọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú etí mi bó ṣe ń ya kúrò, bí ẹ̀ka igi tútù.

Mo rò pé ó ti parí. Ó ní, “Ìwọ kò lọ síbì kankan lónìí.” Ẹnu mi ti kú, mo gba bírò, mo kọ ọ́ sórí ìwé: Ọmọ mi. Ẹnubodè. Òní, kó tó di aago mẹ́jọ. Ó kà á. Ó ní, “Láàárín ẹnubodè méjèèjì, iyanrìn nìkan ló wà níbẹ̀. Tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ bá dí síbẹ̀, èwo nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì ni kí n pè?”

Mo jókòó nínú gbọ̀ngàn rẹ̀, mò ń wo aago ògiri. Aago mẹ́rin lù. Ojú kan, mo rí Dayana lẹ́nu ọ̀nà Màmá Graciela. Ojú kejì, mo rí Àǹtí Ercilia tó gbé igbá aṣọ lé orí, torí pé àwọn ènìyàn ń retí. Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì, mo tún jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Aago márùn-ún lù. Mo dúró, Leidis. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ. Dókítà bá mi fóònù Màmá Graciela, wọ́n sì gbé fóònù fún Dayana.  Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ilé ìyá dókítà ni mo sùn. Ibà gbé mi, eyín tó kù lẹ́nu mi ń lu ara wọn. Màmá arúgbó yẹn kò fi mí sílẹ̀. Wọ́n ń fi ṣíbí bu omi ọbẹ̀ adìẹ sí mi lẹ́nu, wọ́n á ní, “Gbé e mì.” Wọ́n á fọwọ́ kan ọ̀fun mi. “Ó dáa. Òmíràn.” Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá fẹ́ gbé e mì, ẹ̀rù á bà mí pé èyí ló máa kọ̀. Kò kọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abẹ́ àgbọ̀n mi ti rọ̀, wíwú ti dín sí ìdajì.

Mo kó sí ọkọ̀ ìpadà pẹ̀lú lẹ́tà dókítà lọ́wọ́ àti òwú lẹ́nu. Bàbá Hernán náà wà níbẹ̀, wọ́n ti sùn sí Tacna kí eyín tuntun wọn tó parí, ó sì ń tàn lẹ́nu wọn. Ní ẹnubodè Chile, ẹni ọ̀la tí bàbá aṣọ́bodè yẹn sọ ni mo bá: ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ le. Ó yí ìwé mi síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. “Ta ló ní kí ẹ fi èyí jáde?” Mo fẹ́ dáhùn, ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ ló jáde. Ó gbé ìwé náà wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Awakọ̀ dúró títí, àwọn èrò ń pòṣé. Níkẹyìn ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú, àwọn wọ̀nyí ń lọ síbi iṣẹ́.” Ó gbé àpò mi sílẹ̀. Ni mo bá rí i tí Bàbá Hernán sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tiwọn.

Mo fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí wọ́n máa lọ. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. “Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé? Jẹ́ kí n fi ibí kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi eyín yìí sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ló ń súfèé.” Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, nípa rélùwéè, nípa aya wọn tó ti kú.  Mo wo ọwọ́ wọn, mo rí i pé wọ́n di okùn àpò mi mú gírígírí, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tí yóò máa di irun Dayana.

Ó tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogójì kí ilẹ̀kùn yẹn tó ṣí. Ọmọbìnrin náà ní kí n la ẹnu. Mo yọ òwú, mo là á. Ó wo ihò náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó lu òǹtẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí i. Ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ má fi ìwé yìí wá síbí mọ́ kí káàdì yín tó jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi ò ní ká a.” Bàbá Hernán gbé àpò mi, a jáde. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó àlùbọ́sà ló gbé wa délé.

Dayana jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà. Màmá Graciela ní ó kọ̀ láti bọ́ ọ láti àná, ó wọ̀ ọ́ sùn ni. Ó wo ojú mi wú-wú yẹn, kò sáré wá. Ó mú ìnujú kan jáde lápò, ó tú u. Eyín kékeré kan ló wà níbẹ̀, eyín rẹ̀.

“Ó ti ń mì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá,” ló wí. “N kò sọ fún yín. Mo fi òwú ìránṣọ Màmá Graciela so ó mọ́ ilẹ̀kùn, mo sì fà á. N kò ké. Ẹ kò ní láti tún lọ nítorí tèmi.”

Màmá Graciela fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan nínú ilé.

Mo gbé e mọ́ra, mo sọ fún un pé eyín ọmọdé kì í gbé ẹnikẹ́ni kọjá ẹnubodè. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ kó tó lọ sílé-ìwé, ó máa ń dúró níwájú dígí, á la ẹnu, á fi ìka ti eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń mì. Mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìyàrun lọ́wọ́, èmi náà á máa wò ó, n kò sì lè sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró.

Bá mi kí màmá rẹ àti ọkọ rẹ, fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Tí ìyá mi bá béèrè mi, sọ fún wọn pé mò ń jẹun dáadáa. Òtítọ́ ni, apá ọ̀tún ni mo fi ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ń ronú rẹ,
Nubia Angulo