Bí Mo Ṣe Gbé Iná Lọ́rì Wa Lọ sí Ọ̀tún

Ilé Wa ní Santasi,
Kumasi.
Sátidé, ọjọ́ 24, Oṣù Kẹjọ, 1974.

Àpínkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Accra níbẹ̀? Ṣé ò ń jẹun sùn, ṣé àwọn ọkùnrin tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ iná kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú mi wọ Kumasi láìwọ bàtà, tó sì sọ mí di onílọ́rì, òun ni yóò mú ọ dé ibi tí ojú tèmi kò tíì tó. Iná kò ní gbé ọ. Wáyà tí o bá fọwọ́ kàn, òun ni yóò máa bẹ̀rù rẹ. Àmín. Ara ìyá rẹ le, ara èmi náà le, ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn ti kú, a ti jẹ ẹ́, ó dùn.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sanwó fún akọ̀wé tó ń jókòó níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣùgbọ́n kíláàsì méjì péré tí èmi kà, ó tó kíláàsì mẹ́fà ẹlòmíràn.

Èsì tí o kọ sí mi lórí ọ̀rọ̀ lọ́rì dé lọ́jọ́ Túsìdeè. Inú ń bí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ, mi ò sì ṣàlàyé tó, nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o lè mọ ohun tí ojú mi rí.

O mọ̀ pé ìjọba ní láti ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀ kó máa gba apá ọ̀tún. Nifa, nifa ni gbogbo ènìyàn ń pariwo ní ibùdókọ̀ Kejetia, ọ̀tún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní èdè Twi. Èmi kì í ṣe ẹni tí ìjọba ń sọ̀rọ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì. Kí lọ́rì wa lè yẹ òfin tuntun, mo kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé láti orí dé ìdí, ìpele mẹ́ta gbáko, mo kun abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo kun àwọn irin ńlá tó gbé e ró, níbi tí ojú ènìyàn kò dé, nítorí ojú Ọlọ́run dé ibẹ̀. Mo tún orúkọ rẹ̀ kọ sẹ́yìn ní ọ̀dà pupa rúsúrúsú, MO DÁ A ṢE, gàdàgbà.

Nígbà tó di Sátidé tí òfin máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo jókòó, mo ronú. Ibi tí mo fi ju àwọn onílọ́rì yòókù lọ nìyẹn. Àwọn á gbé táyà lọ sí ọ̀tún, wọ́n á gbàgbé iná. Wáyà nínípọn méjì ló ti ara bátìrì lọ́rì wa jáde, ọ̀kan lọ bá sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì, èkejì ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ irin lápá òsì. Mo ní bí ọlọ́pàá bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wa tó bá iná tó ṣì ń gba òsì, kí ni n ó wí? Mo mú sípánà, mo tú wáyà náà kúrò lósì, mo dè é mọ́ irin lápá ọ̀tún, sórí ọ̀dà tuntun tó ń dán. Bí o bá rí i, yóò wù ọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo yí kọ́kọ́rọ́, lọ́rì náà kàn ṣe “tàk”, ó dákẹ́. Mo ní ọ̀tún ò tíì mọ́ ọn lára ni, ṣebí ènìyàn gan-an kò tíì mọ̀ ọ́n, Bákàrè tó ń ra ògbólógbòó irin fi ọmọlanke rẹ̀ gba òsì láàárọ̀ ọjọ́ náà, díẹ̀ ló kù kó wọ kòtò. Mo fún un ní ọjọ́ mẹ́ta kó fara mọ́ ọn. Tàk náà ni. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tì í nìyẹn. Ènìyàn mẹ́jọ láràárọ̀, láti iwájú ilé wa títí dé ìdí Esi tó ń ta kẹ́nkẹ́ àgbàdo ní ìkóríta, kó tó jí. Esi á pàtẹ́wọ́, á pè mí ní bàbá ní Twi, á ní, Agya Mo-Dá-A-Ṣe, ẹni mélòó lẹ jẹ́ lónìí? Èmi náà á dá a lóhùn pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀rín ni títí di ọjọ́ tí ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò fi bá wa ní Kejetia, tí a ń ti lọ́rì pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí rẹ̀, tí títì dí pa. Ó ní òun ń bọ̀ ní Santasi lọ́jọ́ Fúráídè, ọjọ́ kẹtàlélógún, òun fúnra òun ni yóò yí kọ́kọ́rọ́, bí lọ́rì náà kò bá jí láìsí ọwọ́ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, òun yóò gba ìwé rẹ̀, kò tún gbọ́dọ̀ kó èrò láyé mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ ni Bákàrè dé pẹ̀lú okùn, ó ń wọn lọ́rì níṣojú mi, ó ní yóò tó àdògán ogójì. Ó ní, Bàbá, ẹ má bínú, màá fún yín ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, kí Màmá máa fi se ọbẹ̀. Àpínkẹ́, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ni lọ́rì yẹn. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí, òun ló ń gbé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ tí o kò dúró kí a débẹ̀. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Yaw tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe wá wò ó, ó ní kí n yọ sítátà dànù kí n ra tuntun. Mo bi í pé lọ́rì mélòó ló ní. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni mo kọ̀wé sí ọ. O rántí ohun tí mo sọ nígbà tí o ní iṣẹ́ iná lo fẹ́ kọ́, pé irun ni obìnrin ń dì, kì í di wáyà. Mi ò sọ pé mo ṣì í sọ o. Mo kàn kọ̀wé ni.

Gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe. O ní bátìrì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ vóòtì méjìlá. Mo ka ihò orí rẹ̀, mẹ́fà ni. Mo gbé e lọ bá ẹni tó tà á fún mi ní Dichemso pé níbo ló kó mẹ́fà yòókù sí, ó búra pé méjì-méjì ló wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mo fi í sílẹ̀ nítorí mi ò fẹ́ràn ìjà. Mo fi omi gbígbóná fọ ẹ̀tù funfun tó wà lórí bátìrì, mo so ó le. Tàk. O ní kí n tan iná iwájú, kí ẹnì kan dúró wò ó bí mo bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Ìyá rẹ ló dúró, ó ní iná náà dijú bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú, nígbà tí mo fọwọ́ kúrò, ó tún lajú.

O wá ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ bíi ìgbà mẹ́rin léraléra, kí n fọwọ́ kan ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan, pé èyí tó bá gbóná, ibẹ̀ ni iná ti ń jìjàkadì láti kọjá. Ìdí ti sítátà tutù. Tapá ọ̀tún, háà! Bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná. Ọ̀dà mi ń hó níbẹ̀, ó dùn mí dé ọkàn. Ó ku èyí tí o kọ kẹ́yìn, pé kí n wá wáyà nínípọn mìíràn, kí orí kan wà lára bátìrì níbi tí wáyà ọ̀tún yẹn ti jáde, kí orí kejì wà lára irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà. Yaw ló gbé wáyà wá, mi ò pè é o, ó sì dì í mú fún mi. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Àpínkẹ́, lọ́rì bú ramúramù! Adìẹ fọ́n ká, ìyá rẹ pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìgbà náà ni ó yé mi. Ọ̀dà mi ló nípọn ju iná lọ. Iná tó ń tan gbogbo Kumasi, tó ń pa ènìyàn, kò lè gba inú ọ̀dà tí èmi fi ọwọ́ ara mi kùn kọjá. Wá ẹni tó tún lè kun ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fún mi. Yaw ní irin sí irin ni iná fẹ́. Mo mú ọ̀bẹ tí ìyá rẹ fi ń gé àlùbọ́sà (ó ṣì ń wá a, má dárúkọ rẹ̀), mo ha ibẹ̀ títí irin fi funfun, mo sì de wáyà náà padà. Yaw bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé e padà sí òsì níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni, kì í gbọ́ rédíò.

Ọ̀gá náà dé lánàá lóòótọ́. Ó gorí àga, ó yí kọ́kọ́rọ́, lọ́rì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa á, ó tún yí i, lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn bóyá ènìyàn wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé. Bákàrè ká okùn rẹ̀ sápò. Esi ní, Agya, àwọn mẹ́jọ tó máa ń ra kẹ́nkẹ́ mi bí wọ́n bá ti lọ́rì tán, ta ni yóò kó wọn wá lọ́la? Mo ra kẹ́nkẹ́ fún gbogbo wọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó tì í.

Wàyí o, nǹkan méjì ni mo fẹ́. Ìwọ lo wà ní Accra níbi tí ìjọba wà, lọ sọ fún wọn ní ilé rédíò pé kí gbogbo onílọ́rì tó bá ti gbé iná rẹ̀ lọ sí ọ̀tún kọ́kọ́ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò. Wọn ò sọ fún wa. O lè dárúkọ mi. Èkejì, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ọ̀dà agolo kékeré kan. Kì í ṣe fún ibi tí mo ha o. Ìyá rẹ ti kó búrọ́ọ̀ṣì mi sínú àpótí, ó ní ọ̀dà kankan kò tún gbọ́dọ̀ kan lọ́rì yẹn àfi bí ìwọ bá fọwọ́ sí i nínú lẹ́tà, nítorí náà kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹ̀yìn lọ́rì ni mo fẹ́ lò ó sí. Lábẹ́ MO DÁ A ṢE, mo fẹ́ kọ ÀTI ÀPÍNKẸ́. Bákàrè ní ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, pé ẹni tó dá nǹkan ṣe kì í ní “àti”. Mo bi í bóyá ọmọ tirẹ̀ kan mọ ibi tí iná ń gbà. Ó ti ọmọlanke rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo ìwé rẹ dáadáa, bóyá ọ̀dà ẹ̀yìn lè dí iná lọ́nà. Bí ó bá lè dí i, ẹfun ni n ó fi kọ ọ́, n ó sì máa tún un kọ láràárọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà rẹ dí. Bí o bá fọwọ́ kan ohun tó ti sùn, yóò jí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Cornelius Adéyínká,
onílọ́rì.