Èmi Ni Mo Ń Dáhùn fún Màmá

Bàbá mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí. Bútà Màmá lẹ́nu ọ̀nà, omi àlùwàlá ṣì kù nínú rẹ̀. Ìborùn funfun wọn lórí okùn, ó ti gbẹ, wọn ò sì ká a. Adìẹ kan tó ń ha ilẹ̀ nídìí igi ọsàn yín. Màmá fúnra wọn lẹ́yìn ilé, wọ́n dojú kọ ògiri, ọrùn wọn wà níta gbangba, àpá tuntun gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà tó wá tẹ̀ díẹ̀ láàárín. Ẹnu wọn ń mì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò jẹ́ kí wọ́n rí mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ẹ mọ̀ pé gẹ̀gẹ̀ yẹn ti wà lọ́rùn wọn kí n tó dáyé. Ẹ̀yin lẹ máa ń pè é ní ìlẹ̀kẹ̀ tí olè ò lè jí. Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún fi ìborùn bò ó. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, àfi bí ẹni pé ojú tí ẹ fi ń wò ó ló ń dá a dúró tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Wọ́n á jókòó ti ògiri títí ilẹ̀ á fi mọ́, èmi náà á wà ní yàrá kejì, maa máa gbọ́ èémí wọn tó ń súfèé.

Dókítà tí a lọ bá ní Òṣogbo kò tàn wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun á gé e kúrò, wọ́n á sì máa mí dáadáa, ṣùgbọ́n iṣan tó ń gbé ohùn jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, òun ò lè búra pé nǹkan kan ò ní ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá bi í: "Tí èèyàn bá wá kí mi ńkọ́?" Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé wọn ò ṣàwàdà.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n ń fọ abọ́, bí wọ́n ń ka aṣọ tó dé láti Àbíjàǹ, ẹni tó bá kọjá tó ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n á dáhùn, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ìyá. Ẹ máa ń ráhùn pé ìkíni ló ń jó ọbẹ̀ nínú ilé yìí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n bọ́ yẹtí wọn àti òrùka yín fún mi. Mo so wọ́n mọ́ etí ìró mi, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo ilẹ̀kùn. Aago ọwọ́ yín ló wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń yí i bí ẹ ti máa ń yí i kẹ́ ẹ tó sùn, kó má baà kú. Nígbà tí wọ́n gbé Màmá jáde, rọ́bà kan ń fa ẹ̀jẹ̀ láti ọrùn wọn sínú ìgò kékeré. Àyà wọn ni mo ń wò. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Kò súfèé mọ́.

Nọ́ọ̀sì ní wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí dókítà á fi ní ó yá. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wá wo aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tiwa, ó sì kí gbogbo yàrá pé, "Àsàlámù àlékùm." Màmá ti dáhùn. Ojú oorun ni wọ́n wà o!

"Màmá! Ta ló ní kí ẹ dáhùn?" Nọ́ọ̀sì ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe ohùn, atẹ́gùn ni. Mi ò fẹ́ rántí ojú wọn nígbà yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹnu wọn.

Èmi, Bàbá. Èmi tí mo máa ń dákẹ́ débi tí ẹ fi máa ń ní ẹ ti gbàgbé ohùn mi.

A padà sí Èjìgbò, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń jókòó sí. Wọ́n á ní ẹ kú ewu, maa ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n á ní ara ńkọ́, maa ní ó ń le sí i, àlùhàmúdùlílàhì. Ọ̀rẹ́ Màmá tí wọ́n jọ ṣòwò ní Àbíjàǹ dé, ó béèrè àlàáfíà wa pé, "Sà fá?" Mo ní, "Sà fá." Ló bá pàtẹ́wọ́: "Faransé ti wọ ẹnu ọmọ yìí! Ẹ má jẹ́ kó dákẹ́ mọ́ o!" Bí mo bá dáhùn ṣókí, Màmá á fi ọwọ́ tẹ èjìká mi. Ìyẹn ni pé mi ò tíì béèrè ọmọ. Maa béèrè ọmọ. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ọ̀fun tèmi náà á ti máa dùn mí. Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Ó rẹ̀ mí débi pé mo ń gbọ́ ẹ kú ewu nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà.

Dókítà ti yọ òwú, ó sì ti ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá la ẹnu níwájú rẹ̀, atẹ́gùn náà ló tún jáde. Ó ní ohùn náà lè padà, ó sì lè má padà bó ṣe wà. Láti ìgbà yẹn wọn ò dán an wò mọ́ lójú èèyàn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń dán an wò níkọ̀kọ̀, àfi láàárọ̀ yìí tí mo rí wọn níwájú ògiri.

Lọ́sàn-án yìí ni ẹ̀gbọ́n yín obìnrin gun ọ̀kadà dé láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n gbé àpò iṣu lé itan. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pariwo: "Ìyàwó mi, o kú ilé o! O kú ewu o!"

Èmi ló yẹ kí n dáhùn. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n orí mi ti wà lára ògiri, ojú mi ò sì ṣí.

"Háà. Mo ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn wá, ẹ ń wò mí bí àwòrán. Èmi lẹ wá ń bá yodì? Àbí torí àbúrò mi ò sí láyé mọ́?"

Mo fẹ́ dìde. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ọ̀nà. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ohùn náà wúwo, ó há, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ǹtì. Mo rò pé ọkùnrin kan ló wọlé. Màmá ni. Wọ́n wà lórí eékún wọn méjèèjì, ọrùn wọn dúró gan-an torí wọn ò tíì lè tẹrí ba.

Ẹ̀gbọ́n yín jókòó sórí àpò iṣu. "Ìyàwó, ohùn ta lo yá wá sílé?"

"Òun ni mo rí," Màmá ní.

Ẹ̀gbọ́n yín bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká ní àbúrò àwọn gbọ́ ohùn yìí nínú òkùnkùn ni, ojú fèrèsé ni ì bá gbà sá jáde. Ẹ má bínú, èmi náà rẹ́rìn-ín. Èjìká Màmá ń mì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n yín fi etí ìró nu ojú, bí wọ́n ti nu ún lọ́jọ́ tí a sin yín gẹ́lẹ́.

Ohùn tó máa ń fi oríkì jí mi kọ́ nìyẹn. Kò jọ pé yóò padà. Tí ẹ bá ń gbọ́ wa níbi tí ẹ wà, ṣé ẹ máa dá wọn mọ̀? Tí ohùn híhá kan bá ń dárúkọ yín nínú àdúà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ni.

Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Lọ sùn."

Orí ẹní ní yàrá ni mo ti ń kọ èyí parí. Ẹnì kan ti tún dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹ kú ewu. Mo ti la ẹnu kí n tó gbọ́ tí ohùn híhá yẹn dáhùn, tó sì béèrè ọmọ, tó béèrè ìyá. Òórùn ọbẹ̀ tó ń jóná ti ń wọlé bọ̀. Mi ò ní dìde.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó yí aago yín tán, tó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù.