Ẹni Tó Ń Fi Ọ̀rọ̀ Sí Wọn Lẹ́nu

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta
Ìpàdé ẹgbẹ́ eré wa lónìí, nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Ìròyìn ló ṣáájú: ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà ti bí obìnrin, òrùlé ṣì ń jò, ẹni tó gbé àga kan lọ sílé kó jọ̀ọ́ dá a padà. Lẹ́yìn náà ni Rẹfirí fun fèrè. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀lù o, àmọ́ fèrè ò kúrò lọ́rùn wọn. Àwọn ló ń darí wa. Wọ́n ní eré tọdún yìí dá lórí ìyá kan tó ń retí ọmọ ẹ̀ tó sá kúrò nílé. Inú mi dùn. Ta ló ń ṣe ìyá nínú ẹgbẹ́ yìí bí kì í bá ṣe èmi?

Mo mú àbúrò mi dání. Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Mo ní kó wá fẹ́ atẹ́gùn sára. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú un lọ. Ẹnikẹ́ni ò tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta
Rẹfirí ní kí àbúrò mi náà ka ipa ìyá wò. Ká kàn gbọ́ ohùn ẹ̀ ni, wọ́n ní. Ó kà á. Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà, tó máa ṣe ọmọ, ń nu ojú. Èérún igi ló kó sí i lójú, mi ò fẹ́ gbọ́ nǹkan míì.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta
Òun ni ìyá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta
Mo fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là aṣọ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ mi. Ọ̀rọ̀ àná ló gbà mí lọ́kàn.

Iṣẹ́ tèmi rèé: kí n jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú ìwé eré lọ́wọ́, kí n máa fi ọ̀rọ̀ sí ẹni tó bá gbàgbé lẹ́nu. Rẹfirí ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun wo? Èyí tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta
Màmá pè lórí fóònù. Èmi kọ́ ni wọ́n ń wá — Ẹyinjú Màmá ni. (Orúkọ tí mo ń pe àbúrò mi nínú ọkàn mi láti kékeré nìyẹn.) Wọ́n ti gbọ́ pé ó ń ṣe bẹbẹ. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ìyá lórí pèpéle yẹn, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lè wá. Ẹsẹ̀ ti yá báyìí. Wọ́n ń bọ̀.

Ọkọ mi ní mò ń jowú. Mo ní jowú kí ni. Ó ní kí n lọ wo ojú mi nínú dígí. Mi ò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta
Ibì kan wà tí ọmọ kanlẹ̀kùn, ìyá á ṣílẹ̀kùn, á ní: "Wọlé, oúnjẹ ẹ ti tutù." Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn aṣọ tí mò ń lọ̀. Tó bá ti ẹnu mi jáde, ọ̀rọ̀ ni. Tó bá ti ẹnu àbúrò mi jáde, ìyá ni. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán.

Àmọ́ ibẹ̀ náà ló ti máa ń gbàgbé. Á yíjú sí mi, màá fi sí i lẹ́nu. Inú mi máa ń dùn díẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta
Gbọ̀ngàn kún lọ́sàn-án òní. Màmá wà níwájú pátápátá. Ọmọ kanlẹ̀kùn. Àbúrò mi ṣí i. Kò sọ nǹkan kan. Ó yíjú sí mi.

Ìka mi wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo pa ẹnu mi dé.

Ó ṣì ń wò mí. Gbẹ́nàgbẹ́nà dúró bí igi. Mo ní nínú mi pé kí wọ́n wò ó dáadáa. Kí Màmá náà wò ó. Ló bá na ọwọ́, ó ń fọwọ́ kan ojú ọmọ yẹn díẹ̀díẹ̀, ẹnu ẹ̀ là, ohùn ò jáde. Mo gbọ́ ẹkún. Màmá ni. Ká tó mọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń fa imú. Eré ò tíì parí tí wọ́n fi dìde pàtẹ́wọ́.

Rẹfirí di ọwọ́ mi méjèèjì mú lójú gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ní ẹlòmíì ì bá ti sáré fọhùn, èmi mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà la ó máa ṣe é lọ, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú eré. Màmá gbàdúrà fún mi. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta
Àbúrò mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ó ń bá mi ká aṣọ, kò wojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìka yín wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo rí i."

Ó ní Màmá bi òun pé ta ló ronú kan ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òun sì sọ fún wọn pé èmi ni, pé èmi ni mo kọ́ òun. Ó mú aṣọ míì, ó tún ń ká a.

Ó bò mí láṣìírí. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè dárí ẹ̀ jì í.