Fíláàṣì Tí Mo Gbé Sórí Òṣùwọ̀n Ọmọ Tuntun

Àkọ́bí mi,

Kọ̀ǹpútà rẹ ti tàn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀. Ó wá ku ìkíni: ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa, ṣé ọmọ mi kékeré ti hu eyín? Ohun tí o bá fi sílẹ̀ láàárọ̀, wàá bá a níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. N kì í gba irú àdúrà yẹn fún ọ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ló kọ́ mi.

Má pè mí. Fóònù mi wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, iná rẹ̀ ló fi ń wo inú ẹ̀rọ. Má-fọwọ́-kàn-án ni a ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bó bá ti wọ ilé onílé, kó tó kí èèyàn. Mo ní kó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó ṣí i nínú. Ó wò mí, ó sì fọ̀ ọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́rú, iná dé tagbára tagbára, gílóòbù pálọ̀ bú, kọ̀ǹpútà kú. Nígbà tí mo tún un tàn, ó jí, mo dúpẹ́. Ọjọ́ Ẹtì sì pé. O rántí pé nígbà tí òjò wọ inú rèjísítà mi, kó tó jẹrà tán, oṣù mẹ́ta lo fi tẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sínú ẹ̀rọ yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, igba àti mẹ́rìndínlógún, tí ọmọ tìrẹ sì kẹ́yìn wọn. O wá lẹ ìwé mọ́ ògiri fún mi pé kí n máa ṣe ẹ̀dà wọn sínú fíláàṣì kékeré tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bó bá bi mí ní ìbéèrè kí n tẹ bẹ́ẹ̀ ni. N kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ̀rọ náà bi mí pé ṣé ó dá mi lójú kí tuntun rọ́pò àtijọ́. Inú bí mi díẹ̀. Ọmọ tí mo bí ló lẹ ìwé mọ́ ògiri, ẹ̀rọ tí n kò bí wá ń bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo sì tẹ̀ ẹ́ gan-an.

Má-fọwọ́-kàn-án ní iná yẹn ti gbá àwọn ọmọ náà dànù lọ́jọ́rú, òfìfo ni mo kó lọ bo ojúlówó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní ṣé n kò yẹ̀ ẹ́ wò ni. Mo ní mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo mú ìwé mi jáde. Bí mo bá ti ṣe ẹ̀dà tán, mo máa ń gbé fíláàṣì sórí òṣùwọ̀n ọmọ tuntun tí mo mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kí n lè mọ̀ bóyá ó yó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í mira, nítorí náà mo máa ń kọ iye ọmọ sápá òsì, mo ń kọ òdo sápá ọ̀tún, ó sì máa ń ká mi lára. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, òdo ni iye ọmọ tí ẹ̀rọ fi hàn mí, òdo ni ìwọ̀n. Mo ní ó tán, wọ́n ti wá bára mu. Mo sàmì sí i pé ó dára. Má-fọwọ́-kàn-án ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mu omi.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́ ni ọmọ káfíńtà. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló fẹ́ lọ kọ́, èmi ló wò tó fi wù ú. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn kì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọ́fíìsì tó ń gba fọ́ọ̀mù yóò tì ní aago mẹ́rin òní, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti ọwọ́ mi ni wọ́n sì ń béèrè. Bàbá rẹ̀ ní ó ti pé láti oṣù tó kọjá, pé ìgbà tí òun ń kan ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí wa ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá kò sì fẹ́ kó lọ ni, n kò mọ̀. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló rọbí? Ọkọ ní ilẹ̀kùn ni òun fi sàmì. Ìyàwó ní ilẹ̀kùn ọ̀hún náà kọ́ ni, tí kò ṣeé tì, tí gbogbo ayé fi ń wo òun. Káfíńtà wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Màmá, ẹ kúkú kọ ọjọ́ tó bá wù yín, ta ló máa bá yín jiyàn. Mo ní n kì í gbẹ̀bí lórí ìwé. Agogo ara ògiri ni ọmọ náà ń wò, fọ́ọ̀mù wà lórí itan rẹ̀.

Má-fọwọ́-kàn-án ní òfìfo kì í gba àyè púpọ̀, pé àwọn ọmọ lè wà lábẹ́ rẹ̀ nínú fíláàṣì bí n kò bá tíì gbé nǹkan mìíràn lé wọn lórí. Mo ti fẹ́ kó fọ́tò ọmọ rẹ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kó má bàa ṣófo, ọpẹ́lọpẹ́ àǹtí rẹ tó pè mí síta wá wo ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ òun. Má-fọwọ́-kàn-án wá gbé ìlà kan jáde lójú kọ̀ǹpútà, tó ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ó ní bó bá pé ọgọ́rùn-ún, ó parí. Ìyẹn yé mi, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo ń kọ àkókò: ní aago mẹ́wàá, ó ti dé méjìlá; ní ọ̀sán gangan, ogójì; ní aago méjì, mọ́kànléláàádọ́rin. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbá ilẹ̀kùn. Ó dé mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Má-fọwọ́-kàn-án fẹ́ pa á kó tún un bẹ̀rẹ̀. Mo gbá a lọ́wọ́, mo ní má fọwọ́ kàn án. Ìlà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ Má-fọwọ́-kàn-án ránṣẹ́, àti ti gílóòbù, àti ti fíláàṣì mẹ́ta. Ó ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ lára, kí tuntun má bo àtijọ́ mọ́. Ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́dọ̀ àǹtí rẹ, ọ̀kan lọ́dọ̀ rẹ. Àgbẹ̀ kì í kó gbogbo irúgbìn sínú abà kan. Kí o sì wá ya ìwé ara ògiri yẹn fúnra rẹ, n kò lè fọwọ́ ara mi ya ìwé tí ọmọ mi kọ. Orúkọ rẹ kò ní parẹ́ níbi tí a bá kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá ń wá ọ fún ire yóò rí ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Má tíì pa ìwé yìí dé. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ìlà pé ọgọ́rùn-ún. Fáìlì kan jáde, Má-fọwọ́-kàn-án ti tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ ti sún mọ́ ẹ̀yìn mi. Ọmọ náà ti dìde dúró. Fáìlì náà ti bọ́ sí wa lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun. A ò tíì gbọ́ igbe rẹ̀.