Apẹ̀rẹ̀ Tí Mo Dà Nù

                                        Yàrá òkè,
                                        Lórí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí mi,
                                        Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo nǹkan? Ṣé orúnkún màmá rẹ ti ń gbọ́ ìtọ́jú, àbí wọ́n ṣì ń fi ìbínú gun àtẹ̀gùn? Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń rá? Bá mi gbá a mọ́ra. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo ti jókòó, mo ti dìde, mo ti lọ yọjú lójú fèrèsé, mo tún ti padà wá jókòó. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí, mò ń retí kó dún. Mo rántí àdéhùn tí a jọ ṣe nílé ìwé lókè òkun, pé Yorùbá nìkan la ó máa fi kọ̀wé síra wa. Mo ní kí n yáa kọ̀wé sí ọ, kí n má baà fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ yàrá yìí já.

O mọ Àǹtí, àbúrò ìyá mi, aránṣọ tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí mo ti padà dé. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń fi òwú ya òdòdó àti orúkọ sára aṣọ. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ohun tí ẹ̀rọ náà máa yà fún un. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti gbó. Bí Àǹtí bá tàn án, wọ́n á lọ gé aṣọ, wọ́n á gé e tán, wọ́n á padà wá bá a, kò tíì jí. Nígbà tí wọ́n wá ra tuntun, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní kí wọ́n fi kíkó ẹrù inú ti àtijọ́ sínú tuntun sílẹ̀ fún mi, iṣẹ́ kékeré ni.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níkàngun òpópónà wa wá bá wa fi pùrógíráàmù ẹ̀rọ náà sínú tuntun. Má-fọwọ́-kàn-án ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí bó ṣe máa ń kí èèyàn nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe tiẹ̀ lọ́wọ́, èmi ń kó fáìlì. Kí ẹrù lè fúyẹ́, mo kọ́kọ́ da apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tó wà lójú kọ̀ǹpútà àtijọ́ nù. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo kọjá.

Àǹtí jókòó sídìí tuntun, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

"Ó rẹwà. Apẹ̀rẹ̀ mi dà?"

"Apẹ̀rẹ̀ wo, Àǹtí?"

"Èyí tó wà ní igun. Ṣebí inú rẹ̀ ni mò ń kó iṣẹ́ mi sí."

Ọ̀rẹ́ mi, ojú mi lọ sábẹ́ tábìlì wọn. Apẹ̀rẹ̀ ńlá kan wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo bébà tí wọ́n fi ń gé aṣọ wà, èyí tí wọ́n ń lò jù lọ ló wà lókè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà.

Mo ní, "Àǹtí, ìdọ̀tí ni wọ́n ń dà síbẹ̀ o."

"Ta ló ń da ìdọ̀tí sínú apẹ̀rẹ̀? Garawa ńkọ́?"

Má-fọwọ́-kàn-án ò mọ ibi tó máa gbé ẹ̀rín rẹ̀ sí. "Ṣé mo sọ àbí n ò sọ? Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Gbogbo òdòdó, ẹyẹ àti orúkọ tí Àǹtí ti yà ló wà níbẹ̀, títí kan báàjì ilé ìwé àwọn ọmọdé tó wà nísàlẹ̀ òpópónà. Wọ́n ti gé aṣọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ó ku báàjì, ìwọlé sì ti dé tán. Mo dúró kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n fi òyìnbó sọ pé kò séwu, wọ́n sì dúpẹ́ pé mo ran àwọn lọ́wọ́.

Òyìnbó! Àǹtí tó jẹ́ pé bí mo bá ṣi ẹnu sọ òyìnbó nílé yìí, wọ́n á di adití títí n ó fi rí Yorùbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, òyìnbó tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà tí wọn ò mọ̀ rí ni wọ́n ń bá mi sọ. Jọ̀wọ́, jẹun. O ṣeun, tilẹ̀kùn. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Má-fọwọ́-kàn-án ti gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ. Ó ní ohun tí a dà nù lè ṣì wà níbẹ̀, bí nǹkan mìíràn ò bá tíì gorí rẹ̀. Bí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán ló ń lé mi padà, ó ní òun á pè.

Dúró ná. Fóònù ń dún.

Mo ti dé. Ó rí wọn! Ṣùgbọ́n orúkọ gbogbo wọn ti lọ, nọ́ńbà lásán ló kù lára wọn. Mo sáré gbé wọn wálé nínú fúláàṣì, mo bẹ Àǹtí kí wọ́n wá jókòó. Mò ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ orúkọ, mò ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ni wọ́n fi ń sọ òdòdó lórúkọ: Ìyàwó Kò-fẹ́-pupa. Dókítà Oníkùn. Ìyá Ìbejì Tó Ń Kánjú. Yorùbá ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bá sọ ọ́, kì í ṣe èmi. A ò sì rí báàjì. Ọwọ́ mi ń sáré, mò ń ṣí, mò ń kọjá, àfi pàà! lẹ́yìn ọwọ́ mi.

"Padà sẹ́yìn! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé iná ń jó ọ nídìí ni? Báàjì mi lo fò kọjá yẹn! Adapẹ̀rẹ̀nù lásánlàsàn!"

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ tún un sọ."

Wọ́n tún un sọ, wọ́n fi kún un dáadáa.

Ẹ̀rọ ti ń dún nísàlẹ̀ báyìí, báàjì ti ń jáde. Àǹtí ní àfi kí n dá apẹ̀rẹ̀ àwọn padà sí igun rẹ̀. Mo gbé ti ìdọ̀tí pamọ́ síbi tójú ò tó, mo ṣe fódà kan, mo fi àwòrán apẹ̀rẹ̀ sí i lórí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n bi mí bóyá kò ní jò. Mo ní kò ní jò. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti gòkè wá parí lẹ́tà yìí, mo ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí i wò, mo tún padà lọ ṣí i wò.

Bá mi kí màmá rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Kọ̀wé sí mi kíákíá. Wọ́n ti ń kígbe orúkọ mi tuntun nísàlẹ̀, mo fẹ́ tètè jẹ́ ẹ.

Ẹni rẹ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́,
Adapẹ̀rẹ̀nù.